“Ẹran Lásán Ni”: Àwáwí Tí Kò Lẹ́sẹ̀ Nílẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ti di àkọ́sórí lẹ́nu gbogbo wa. Alápatà ń sọ ọ́ nídìí tábìlì ẹran, dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ màlúù ń sọ ọ́ lójú ọ̀nà, ọ̀mọ̀wé tó kàwé dé òkè òkun náà ń sọ ọ́ nínú ẹ́sìtéètì rẹ̀ ní Lekki. Bí ẹnì kan bá ti lanu pé kí wọ́n rọra ṣe ẹran, ìdáhùn tó máa gbọ́ kì í ju mẹ́ta lọ: ẹran lásán ni, Ọlọ́run ló fún wa pé ká máa jẹ, ṣé ìwọ náà ti di ará Íńdíà tó ń bọ màlúù ni? Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì tán. Kò yẹ kó tán bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tí gbólóhùn kékeré yìí ń bò mọ́lẹ̀. Nígbà tí Iléyá bá ku ọjọ́ méjì, ẹ dúró sí ẹ̀bá títì ní Ajah, níbi tí wọ́n ti ń ta àgbò. Àgbò tó ti rìnrìn àjò láti òkè Ọya, wọ́n á so ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ọkùnrin méjì á gbé e sọ sínú búùtù mọ́tò, wọ́n á tẹ orí rẹ̀ wọlé kí ìwo má baà há, wọ́n á sì pa búùtù dé gbàgà. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà láti Ajah dé Jakande, inú òkùnkùn àti ooru yẹn ni yóò wà, tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí wọ́n bá ṣí i, itọ́ á ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu, ojú rẹ̀ á ti pọ́n. Nínú mọ́tò yẹn kan náà, lẹ́yìn àga tí àgbò wà lẹ́yìn rẹ̀, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí olówó rẹ̀ lára. Bí ẹ bá béèrè ìdí, wọ́n á ní ẹran ni.

Kí n má baà dà bí ẹni tó ń bá òjìji jà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, kí n sì rò ó bí wọn ì bá ṣe rò ó fúnra wọn. Òǹrorò kọ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Wọ́n ní Bíbélì, láti orí kìíní Jẹ́nẹ́sísì, ti fi ènìyàn jọba lórí ẹja, ẹyẹ àti ẹran. Pé Kùránì fọwọ́ sí jíjẹ ẹran ọ̀sìn. Pé Ifá ń gba ewúrẹ́, ó ń gba adìẹ. Ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Yorùbá ń ṣe ló gba ọ̀bẹ láyè. Wọ́n ní ẹranko kì í ronú, kò mọ àná, kò mọ ọ̀la. Wọ́n ní ní ìlú tí ọmọ ènìyàn ti ń sùn lábẹ́ bíríìjì, ojú àánú tí a bá ní, ènìyàn ló tọ́ sí. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ àánú ẹran, ti àwọn Híńdù ni, pé orí ìbọ màlúù àti ìgbàgbọ́ nínú àtúnwáyé ni wọ́n kọ́ ọ lé, nítorí náà ẹni tí kò bá gba ìyẹn gbọ́ kò ní ohunkóhun í fi ẹ̀kọ́ náà ṣe. Wọ́n tún máa ń fi kún un pé àwọn ará Íńdíà gan-an ń ta ẹran fún gbogbo ayé, wọ́n sì ti pa ènìyàn nítorí màlúù. Ẹjọ́ gidi ni. Ó yẹ kí a gbà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀dọ̀ Híńdù ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àìmọ̀ wa pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá ní ìbọ màlúù ni ìdí tí wọ́n fi ń ṣàánú ẹran, ó ti fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ṣe iwájú. Ahimsa ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà, ìyẹn ni pé kí èrò ẹni, ọ̀rọ̀ ẹni àti ìṣe ẹni má pa ohun abẹ̀mí kankan lára. Nínú Yoga Sutra tí wọ́n ní Patanjali kọ, òun ló ṣáájú nínú ìkóra-ẹni-níjàánu márùn-ún tí ẹni tó fẹ́ ṣe yoga gbọ́dọ̀ ní. Ó ṣáájú òtítọ́, ó ṣáájú àìjalè. Àwọn tó ń na apá na ẹsẹ̀ lórí ẹní ní Lekki láàárọ̀ Sátidé, tí wọ́n ní yoga làwọn ń ṣe, ṣé wọ́n mọ̀ pé wọ́n ti fo ẹsẹ̀ àkọ́kọ́? Ìpìlẹ̀ ahimsa wà nínú àwọn Upanishad, ìwé mímọ́ àtijọ́ ti àwọn Híńdù: ohun tó ń jẹ́ èmi nínú mi, èyí tí wọ́n ń pè ní atman, òun náà ló wà nínú gbogbo ohun tó ń mí. Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ wọn mìíràn, sọ ní orí karùn-ún pé ojú kan náà ni ọlọ́gbọ́n fi ń wo àlùfáà tó kàwé, màlúù, erin, ajá àti ẹni tó ń jẹ ajá. Ẹ kíyè sí àwọn tó wà lórí ìlà yẹn. Ajá kì í ṣe ohun mímọ́ lójú àwọn tó kọ ìwé náà, ohun àìmọ́ ni. Ẹni tó ń jẹ ajá, ẹni tí gbogbo ìlú ń sá fún ni. Síbẹ̀ wọ́n jọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àlùfáà. Wọn kò ní kí a ṣàánú ohun tí a ń bọ. Wọ́n ní kí a ṣàánú ohun tó ń mí.

Ohun tó jẹ́ kí ìtàn ọba Yudhishthira parí bó ṣe parí nínú Mahabharata, ìwé ìtàn akọni àwọn Híńdù, nìyẹn. Ọba yìí ti fi adé sílẹ̀, ó ń gun òkè Himalaya lọ. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣubú lọ́nà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ajá kan ṣoṣo ló kù tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Indra, ọba àwọn òrìṣà, gbé ọkọ̀ ọ̀run wá pàdé rẹ̀, ó ní kí ó gòkè, ṣùgbọ́n kí ó lé ajá yẹn dànù, nítorí ajá kì í wọ ọ̀run. Ọba kọ̀. Ó ní ohun tó sá di òun, tí kò ní ẹlòmíràn, òun kò ní tìtorí ìgbádùn òun já a jù sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ìgbádùn ọ̀run. Ìgbà yẹn ni ajá paradà, tó di Dharma, òdodo fúnra rẹ̀. Níbo ni ìbọ màlúù wà nínú ìtàn yìí? Ọba tó ti jagun, tó ti ṣe ìrúbọ ńláńlá, tó ti dájọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun tí wọ́n fi dán an wò lẹ́nu ọ̀nà ọ̀run ni bí yóò ṣe ṣe ajá aláìníbaba tí kò lè san oore padà fún un.

Wọ́n á ní bí a ṣe dá àwọn ará Íńdíà nìyẹn, pé a kò dá tiwa bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Àwọn baba ńlá wọn náà fi ẹran rúbọ. Ìrúbọ ewúrẹ́ àti ti ẹṣin wà nínú àwọn Veda, ìwé mímọ́ wọn. Àríyànjiyàn ló yí ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́kàn padà, àríyànjiyàn náà sì ṣì wà nínú ìwé wọn. Ọ̀kan wà nínú Shanti Parva, ìpín kejìlá Mahabharata, tí ì bá pa ará Ajah lẹ́rìn-ín, nítorí aja ni ọ̀rọ̀ tó dá a sílẹ̀. Lédè Sanskrit, aja lè jẹ́ òbúkọ, ó sì lè jẹ́ ohun tí a kò bí. Òfin ní kí wọ́n fi aja rúbọ. Àwọn òrìṣà ní òbúkọ ni. Àwọn amòye ní rárá, hóró irúgbìn ni. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà tọ ọba Vasu lọ, ẹni tí ìwà rẹ̀ mọ́ débi pé ojú òfuurufú ló ń gbà rìn. Kí Vasu tó dáhùn, ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń sọ èwo. Nígbà tó mọ ibi tí àwọn òrìṣà wà, ó ní òbúkọ ni. Lójú ẹsẹ̀ ló já bọ́ láti òkè, ilẹ̀ sì gbé e mì. Kì í ṣe pé Vasu kò mọ òótọ́. Ojú alágbára ló wò kó tó dájọ́. Ṣé kì í ṣe bí àwa náà ṣe ń dájọ́ láàárín ara wa àti ẹran nìyẹn? A mọ ẹni tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, a mọ ẹni tí ọrùn rẹ̀ wà nílẹ̀, a wá ń pe ohun tí ikùn fẹ́ ní àṣẹ Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ti “kì í ṣe tiwa”. Ta ló wá dá òwe tó ní ẹni tó bá fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò bó ṣe ń dunni sí? Ará Íńdíà ni bí? Òwe yìí kò pe ẹyẹ náà ní ohun mímọ́. Kò sọ pé ẹyẹ ẹnì kan ni, kò sì sọ pé bàbá ẹnì kan tó ti kú ló padà wá bí ẹyẹ. Ọmọ ẹyẹ ni, èyí tí kò tó í jẹ, tí kò tó í tà. Ìdí kan ṣoṣo tí òwe náà fún wa ni pé ìrora tó wà nínú rẹ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí àwọn Upanishad fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé wá, igi kan àti ọmọ ẹyẹ kan ni àwọn àgbà wa fi sọ ọ́. Ẹ tún fetí sí èdè tí à ń sọ. À ń sin Ọlọ́run, à ń sin ewúrẹ́. Ìsìn ni ti àkọ́kọ́, ọ̀sìn ni ti èkejì. Bí adìẹ bá kú, a ní ẹ̀mí bọ́ lára rẹ̀, bákan náà la ṣe ń sọ ọ́ nípa ènìyàn. Kò sí ẹ̀mí àgbà àti ẹ̀mí gbẹ̀fẹ́ nínú Yorùbá. Àwọn ọdẹ gan-an, tó jẹ́ pé pípa ẹran ni iṣẹ́ wọn, ní ìjálá, níbi tí wọ́n ti ń ki erin, ẹfọ̀n àti ẹtu bí ẹni ń ki ọba. Adeboye Babalola fi irú oríkì bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìwádìí rẹ̀ lórí ìjálá tó jáde ní 1966. Ta ní í jókòó ki ohun lásán? Bí ẹnì kan bá sì ń wá ẹ̀rí tó súnmọ́ ilé ju ìyẹn lọ, kó wo igbó tó kù sí ẹ̀bá títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́. S. L. Edu ló ṣáájú àwọn tó dá Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980, àjọ náà ló sì ní Lekki Conservation Centre tó bẹ̀rẹ̀ ní 1990, lórí ilẹ̀ hẹ́kítà 78, níbi tí ọ̀bọ ti ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka láàárín ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Edu kì í ṣe òyìnbó, kì í ṣe Híńdù. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, Mùsùlùmí ni, oníṣòwò ni.

Ti ẹ̀sìn ló kàn. Ó dára, Ọlọ́run fi ènìyàn jọba lórí ẹran. Ṣé kí ọba lè máa fi ìyà jẹ ará ìlú la ṣe ń fi í jẹ ni? Bíbélì yẹn kan náà, nínú ìwé Òwe orí 12 ẹsẹ 10, ka bí ènìyàn ṣe ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn rẹ̀ mọ́ àmì olódodo. Òfin ọjọ́ ìsinmi nínú Ẹ́kísódù orí 20 sì fún ẹran ọ̀sìn ní ìsinmi bí ó ṣe fún ọmọ ilé. Nínú Ìsìláàmù, ta ni kò tíì gbọ́ hádíìsì obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò tó há mọ́lé láìfún un lóúnjẹ, tàbí ti ẹni tí Ọlọ́run dárí jì nítorí pé ó bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ? Ànábì ní kí ẹni tó fẹ́ dúńbú ẹran pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ kó mú, kó sì jẹ́ kí ara rọ ẹran náà. Ẹni tó pa búùtù dé mọ́ àgbò Iléyá, ẹ̀sìn wo ló ń fi ṣe ìgbọràn? Ní ti ẹbọ, a máa ń sọ pé ẹran la fi pààrọ̀ ẹ̀mí ènìyàn. Bí ẹran bá jẹ́ ohun lásán, kí ló dé tí ikú fi máa gbà á dípò ènìyàn? Ẹ ò lè pe nǹkan ní ìràpadà ẹ̀mí yín láàárọ̀, kí ẹ pè é ní lásán lálẹ́. Kò sí èyí tó ní kí a fi ìrora rẹ̀ ṣeré nínú àwọn ẹ̀sìn tí ẹ fi ń ṣe asà yìí.

Wọ́n tún ní ẹran kò mọ nǹkan. Ní oṣù Keje 2012, àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ péjọ sí Cambridge, wọ́n sì kéde pé àwọn ẹran tó ń fọ́mọ lọ́yàn àti àwọn ẹyẹ ní ohun inú ọpọlọ tó ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ara. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí a bá dé Cambridge. Bí ẹran kò bá mọ nǹkan, kí ló dé tí ẹ fi ń so ó? Ta ní í so àpò ìrẹsì lẹ́sẹ̀ kó má baà sá lọ? Okùn yẹn fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí pé ẹran mọ̀, ó mọ̀ pé òun kò fẹ́. Ẹni tó ń fi ata sójú màlúù kó lè dìde mọ̀ pé ata ń ta á. Ìdí tó fi fi ata sí i gan-an nìyẹn. Ẹ máa lo ìrora rẹ̀ láti fi dárí rẹ̀, kí ẹ tún máa sẹ́ pé ìrora náà wà. Ní ti pé ẹran kò mọ ọ̀la, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ náà kò mọ̀ ọ́n. Ṣé a wá lè máa fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ tuntun ṣeré?

Èyí tó dà bí ẹni pé ó lágbára jù ni pé ènìyàn ni kó ṣáájú. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, òun ló ṣófo jù. Àánú kì í ṣe omi inú kẹ́ẹ̀gì, tí a bá bù fún ẹran kó má tó ọmọ ènìyàn mọ́. Ọmọ tó ń sùn lábẹ́ bíríìjì, ẹja wo, ẹran wo ló rí jẹ látinú lílù tí wọ́n ń lu màlúù? Ìkà yẹn gan-an ń ja tálákà lólè, nítorí màlúù tó bá dúró fún ọjọ́ mélòó kan nínú ọkọ̀ láti òkè Ọya, tí wọ́n lù, tí ẹ̀rù bà, agbára inú iṣan rẹ̀ ti tán kó tó dé abẹ́ ọ̀bẹ. Ẹran rẹ̀ á dúdú, á le, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Ta ló máa ń ra ẹran bẹ́ẹ̀? Ẹ tún wo ìkà mìíràn tí kì í ṣe ebi ló fà á: ní 2021, àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù gbá ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlógíráàmù ìpẹ́ akika mú ní Lekki, pẹ̀lú eyín erin. Akika ni ẹranko onípẹ̀ẹ́ tó máa ń ká jọ róbótó bí nǹkan bá bà á lẹ́rù, tí kò ní ohun ìjà mìíràn. Ebi wo ni ìpẹ́ tí wọ́n kó sínú àpò, tí wọ́n fẹ́ kó lọ sókè òkun, fẹ́ pa nínú ẹnì kankan ní Ajah? Owó ni, ebi kọ́. Ìjọba náà kò sì pe ọ̀rọ̀ yìí ní ti àlejò: abala 495 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn 50 náírà sí i. Owó tí kò lè ra búrẹ́dì kan ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹran kò ní láárí, ìwé òfin yín ni wọ́n ṣe pa tì títí owó ìtanràn rẹ̀ fi di ẹ̀rín.

Ó ku àgàbàgebè àwọn ará Íńdíà. Mo gbà á pátápátá. Nínú ìwádìí tí àjọ Pew gbé jáde ní 2021, àwọn Híńdù tó pe ara wọn ní ẹni tí kì í jẹ ẹran kò ju nǹkan bí 44 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Íńdíà wà lára àwọn tó ń ta ẹran ẹfọ̀n ilé jù láyé. Ní 2015, nítòsí Dadri, àwọn jàǹdùkú lu Mùsùlùmí kan pa nítorí àhesọ pé ó tọ́jú ẹran màlúù sílé. Kí ni èyí fi hàn? Ó fi hàn pé àwọn yẹn rú ahimsa, kò fi hàn pé ahimsa jẹ́ irọ́. Ní 1909, nínú Hind Swaraj, Gandhi ti kọ ọ́ kedere pé òun kò lè pa Mùsùlùmí láti gba màlúù là, nítorí ẹ̀kọ́ tó dáàbò bo màlúù ló dáàbò bo ènìyàn. Bí olè bá wà nínú ìjọ, ṣé òfin “má jalè” ló ṣe àìdáa? Ìdájọ́ yẹn kan àwa ará Lekki náà, nítorí ẹni tó ń gbé ajá òyìnbó sínú yàrá tútù, tó sì ń bú máígádì rẹ̀ bí ẹni bú ẹrú, kò tíì mọ ohun tí àánú jẹ́. Ohun ọ̀ṣọ́ ló ń tọ́jú. Àánú ò mọ ẹ̀yà ajá, kò mọ ipò ènìyàn.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí oúnjẹ rẹ̀ níhìn-ín. Bóyá kí a jẹ ẹran tàbí kí a má jẹ ẹ́, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni. Ohun tí mo ń sọ kò lábùlà. Ìrora ẹranko jẹ́ ìrora, gbèsè rẹ̀ sì wà lọ́rùn ẹni tó dá a sílẹ̀ láìnídìí. Kò sí ẹ̀sìn wa tó dárí gbèsè náà jì wá, kò sí òwe wa tó gbè wá, ebi kò ṣe ẹlẹ́rìí fún wa, àṣìṣe ará Íńdíà kò sì lè san án fún wa. Híńdù kò kó àánú ẹran wá fún Yorùbá; ó kàn rán wa létí ohun tí a ti ń sọ kí a tó mọ̀ pé Íńdíà wà. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ sọ pé ẹran lásán ni, kí ó jẹ́ kí wọ́n so òun náà lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, kí ó wọ inú búùtù, kí wọ́n pa á dé láti Ajah dé Jakande. Nígbà tí wọ́n bá ṣí i, kí ó wá tún un sọ.